Orúkọ Àwọn Obìnrin Tó Rán Aṣọ Náà Dà?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń ká mi lára. Wọ́n pè wá síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tí àwọn obìnrin ogunléndé àti aṣíkiri jọ ṣe fún Àyájọ́ Ogunléndé Lágbàáyé, tó máa ń wáyé ní ogúnjọ́ oṣù Kẹfà láti ọdún 2001. Aṣọ ńlá kan ló wà lára ògiri, kálukú ti rán ègé tirẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan fi òwú pupa rán ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣá, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀. Mo wá ka káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ àjọ tó gbówó kalẹ̀ wà níbẹ̀, ti olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀, ti àwọn aláṣẹ tó wá ya fọ́tò hàn gàdàgbà. Àwọn tó rán aṣọ ńkọ́? "Àwọn obìnrin àdúgbò."

N ò sọ pé ètò náà ò dára o. Obìnrin tí kò gbọ́ èdè ìlú mú abẹ́rẹ́, ẹni tó jókòó tì í náà mú tirẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n ti ń fọwọ́ júwe nǹkan fúnra wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kì í sì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1975, àwọn obìnrin ẹ̀yà Hmong tó sá kúrò ní Laos rán ìtàn bí wọ́n ṣe sọdá odò Mekong sára aṣọ nínú àgọ́ ogunléndé ní Thailand, wọ́n sì ń tà á gbọ́ bùkátà. Ní Chile lábẹ́ ìjọba ológun Pinochet, àwọn obìnrin tí ìjọba náà gbé èèyàn wọn lọ láìdá a padà fi àkísà rán ẹ̀sùn wọn sára aṣọ àpò.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọ̀gá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni gbayì. Tówó ètò bá tán, wọ́n á tìlẹ̀kùn, aṣọ á di ẹ̀ṣọ́ ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi àwọn tó rán an léèrè. Orúkọ wọn dà?

Ohun tí mo fẹ́ ni ìwé àdéhùn, kí ẹnikẹ́ni tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ní èdè tí obìnrin kọ̀ọ̀kan gbọ́. Kó sọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà, ẹni tí owó ń lọ bá bí wọ́n bá tà á, àti bóyá wọ́n lè ya fọ́tò ojú obìnrin náà. Ẹni tó ń sá fún ọ̀tá lè má fẹ́ kí orúkọ òun hàn, ó lè fi àmì rọ́pò rẹ̀; àmọ́ òun ni kó yàn án, kì í ṣe akọ̀wé. Wọ́n á ní òfin ò gba ẹni tó ń retí ìwé ibùgbé láyè láti ṣiṣẹ́ gbowó. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Òfin wo ló wá ní kí wọ́n má kọ orúkọ rẹ̀?

Kí wọ́n san owó ọkọ̀ wọn pẹ̀lú, kí wọ́n sì wá ẹni tí yóò máa bá wọn tọ́jú ọmọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín