Ẹ béèrè èlé: lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ẹ kú làálàá, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Ẹ̀yin tó ń jí ní ìdájí kí ẹ lè rí ọkọ̀ wọ̀ láti Ìyànà-Ìpájà dé Ọbáléńdé, kò yẹ kí owó tí ẹ fi irú òógùn bẹ́ẹ̀ rí máa parí sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí ní Èbúté Mẹ́ta. Nítorí bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú yín ló ń wá bá mi pé kí n ṣe onígbọ̀wọ́, tàbí kí n bá yín bẹ ẹni tí ẹ jẹ lówó. Bí mo bá ní, "Èló ni gbèsè yìí?" ẹ máa ń dá mi lóhùn kíá. Bí mo bá wá ní, "Èlé orí rẹ̀ ńkọ́, èló ni lọ́dún?" ẹ á dákẹ́. Orí ìbéèrè kejì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Gbèsè ni o, àjọ ni o, owó ìfẹ̀yìntì ni o, ẹ béèrè iye tí owó náà ń bí lọ́dún, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń bí i fún.

Ẹ jẹ́ ká mú lóònù orí fóònù, torí òun ló ń dá yín lóró jù. Ká ní o fẹ́ yá ₦20,000. Wọ́n á ti yọ èlé wọn kí wọ́n tó fún ọ, ₦17,000 ló máa wọ àkáǹtì rẹ, o sì gbọ́dọ̀ dá ₦20,000 padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. ₦3,000 kò jọ ohun bàbàrà. Àmọ́ bí o bá ń san án lónìí tí o tún ń yá a padà lónìí kan náà, tí o wá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọdún fi yípo, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lo máa san ₦3,000 yẹn. ₦78,000 nìyẹn, lórí ₦17,000, gbèsè náà á sì tún wà níbẹ̀. Sogúndogójì ayé àtijọ́ kò le tó báyìí.

Bí ẹ bá pẹ́ san án, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, sí àna yín, sí pásítọ̀ tàbí ààfáà yín, pé olè ni yín. Òfin kò fàyè gba ìdójútì bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ń forúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀. Ẹ wo orúkọ wọn nínú àkójọ yẹn kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fojú kan nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí fóònù yín, bí wọ́n bá sì dójú tì yín, ẹ fẹjọ́ wọn sun FCCPC. Síbẹ̀, ẹjọ́ yẹn kò pa gbèsè rẹ́. Ẹni tó bá sì rò pé òun lè yá owó ní báńkì kan kí òun gbé owó oṣù òun lọ sí báńkì mìíràn, kó mọ̀ pé láti ọdún 2020 ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti fàyè gba báńkì tí a jẹ láti fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì wa níbòmíràn. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo tí oníkálukú ní ní gbogbo báńkì, ló so gbogbo wọn pọ̀.

Ẹ ti gbọ́ nípa ìwọ̀fà. Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà á máa bá olówó roko, àmọ́ oko tó ń ro kò dín gbèsè kù rárá, èlé ni iṣẹ́ rẹ̀ wà fún. Ọdún lè gorí ọdún. Àyàfi tí wọ́n bá rí owó náà gan-an kó kalẹ̀ ni ìwọ̀fà tó lè gba ara rẹ̀. Ẹ wá wo ẹni tó yá ₦200,000 ní èlé ìdá mẹ́wàá lóṣù, tó ń san ₦20,000 lóṣooṣù. Nígbà tí oṣù bá pé mẹ́wàá, ó ti san ₦200,000, síbẹ̀ ₦200,000 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń wọ bàtà dídán lọ sí ọ́fíìsì ní Marina, oko olówó ló ń ro. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí, torí àwọn ọmọ tó mọṣẹ́, tí wọn kì í ṣọ̀lẹ, ni mo ń rí nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń bi mí pé ṣé kí ẹ kọ́kọ́ máa fi owó pamọ́ ni àbí kí ẹ san gbèsè, ìdáhùn mi ni pé bí gbèsè náà bá ní èlé ńlá, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lé kúrò nílé. Kò sí ibi ìfowópamọ́ tòótọ́ kan tó máa fún yín ní ìdá mẹ́wàá lóṣù, bẹ́ẹ̀ gbèsè ń gbà á lọ́wọ́ yín. Ìwọ̀nba tó lè gbọ́ oúnjẹ àti owó ọkọ̀ oṣù kan ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀, kí àìsàn ọmọ má baà lé yín padà sọ́dọ̀ olówó èlé. Bí gbèsè bá pọ̀, èyí tí èlé rẹ̀ ga jù ni kí ẹ dojú kọ. Àwọn kan á ní kí ẹ kọ́kọ́ san èyí tó kéré jù kí ọkàn yín lè balẹ̀. N kì í bá wọn jà, àmọ́ èlé kì í dúró de ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀.

Èyí tí ẹ jẹ ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, tí kò lélé, ẹ má torí ìyẹn máa yà fún wọn lọ́nà. Ẹ lọ bá wọn, ẹ sọ iye tí ẹ lè máa san àti ọjọ́ tí ẹ ó máa san án. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má yá owó èlé ṣe ìnáwó. Aṣọ ẹbí ọjọ́ kan kò yẹ lóhun tí ènìyàn ń san fún ọdún kan gbáko.

Owó ilé tún ń kó yín sí gbèsè. Onílé tàbí ejẹ́ńtì á ní kí ẹ mú owó ọdún méjì wá, ẹ ó sì lọ yá ti ọdún kejì. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé kí onílé má gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Mo mọ̀ pé onílé lè ní kí ẹ máa lọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ ná, ẹ rán àgbà sí i, ẹ wo ilé mìíràn, kí ẹ tó lọ fi ọrùn yín sílẹ̀ fún olówó.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yin ọmọ ọdún márùn-dínlọ́gbọ̀n máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwa arúgbó nìyẹn. A máa ń pa á lówe pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, òótọ́ sì ni pé ọmọ tó bá mọ ojú á tọ́jú òbí rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ara yín. Owó ilé, owó ilé ìwé ọmọ àti owó oògùn ìyá yín ló ń fa owó oṣù kan ṣoṣo. Ẹ má di ẹrù yìí ru àwọn ọmọ tí ẹ kò tíì bí.

Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un, ó kéré tán. Ẹni tí owó oṣù tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ jẹ́ ₦150,000 á yọ ₦12,000, agbanisíṣẹ́ á fi ₦15,000 lé e. ₦27,000 lóṣù nìyẹn, ₦324,000 lọ́dún, ó sì lé ní ìdajì rẹ̀ tí kò ti àpò yín jáde. Ta ló tún máa fún yín ní irú èyí? Agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ fi owó náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tó bá san owó oṣù. Bí ìwé owó oṣù yín bá sọ pé wọ́n ti yọ owó pẹ́ńṣàn, tí kò sì sí nínú àkáǹtì yín, ẹ fi tó PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn, létí. Ẹ gba ìwé àkáǹtì yín, ẹ kà á. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o, ẹ lè kó o lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni pé ọjọ́ pọ̀ níwájú yín. Ká ní owó ń bí ìdá mẹ́wàá lọ́dún, tí èlé náà sì ń bí èlé. ₦100,000 tí o fi síbẹ̀ ní ọmọ ọdún 25 á ti di ₦2,810,000 ó lé díẹ̀ nígbà tí o bá pé 60. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún 45 lo ti fi iye kan náà síbẹ̀, kò ní ju nǹkan bí ₦418,000 lọ. Lóòótọ́, ọjà á ti gbówó lórí gan-an nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí owó kò fi gbọ́dọ̀ jókòó lásán.

Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé 50 ọdún, tí kò rí òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó pẹ́ńṣàn rẹ̀. Bí ebi bá ń pa ọmọ yín, ẹ gbà á. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin aránṣọ, mẹkáníìkì àti ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà, pẹ́ńṣàn wà fún ẹ̀yin náà láti ọdún 2019. Ẹ ó máa fi iye tí agbára yín ká síbẹ̀; ẹ lè mú apá kan bí ẹ bá nílò rẹ̀, ìyókù á dúró de ọjọ́ ogbó. Mi ò ní kí ẹ má dá àjọ. Èmi náà ń dá a. Àjọ dára fún owó ọjà àti owó ilé ìwé, torí alájọ kì í jẹ́ kí ọwọ́ yín kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦29,000 ló máa gbà, torí ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Owó ọjọ́ ogbó kọ́ nìyẹn. Ẹ rántí pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kò tíì tó ₦200 ní Èkó; kí oṣù kẹfà tó parí, ó ti lé ní ₦480. Owó tó wà nínú kóló kò lè bá irú ìyẹn sáré. Ìwé ìyánilówó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FGN Savings Bond bẹ̀rẹ̀ láti ₦5,000, ó ń san èlé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tí ẹ bá fi sí báńkì ńlá, NDIC, àjọ ìjọba tó ń san owó padà fún oníbàárà bí báńkì bá wó, dúró fún un títí dé ₦5,000,000 láti ọdún 2024.

Ẹni tó bá ní òun á fún yín ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ẹ sá fún un. MMM, ètò tó ń fi owó ẹni tuntun san ti ẹni àtijọ́, sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Ẹ bi ọlọ́jà èyíkéyìí ní Balógun bóyá ọjà kan wà tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá lóṣooṣù láìdáwọ́ dúró.

Ẹ kọ PIN pẹ́ńṣàn yín (nọ́ńbà àkáǹtì pẹ́ńṣàn ni o, kì í ṣe ti káàdì báńkì), orúkọ báńkì yín, àti gbèsè tí ẹ jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ yín sínú ìwé kan. Ẹ fi ibi tí ìwé náà wà han ọkọ tàbí aya yín, tàbí ẹ̀gbọ́n tí ẹ fọkàn tán. Ẹ ṣe é kí oṣù yìí tó tán.

Èmi ni ìyá yín,
Akápò, Èbúté Mẹ́ta