Má tíì ta fíìmù rẹ tán

Àyìnkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ní ẹnì kan fẹ́ fi owó ojú ẹsẹ̀ ra fíìmù rẹ tán pátápátá, àti pé ó ń wù ọ́ kó o gbà. Jọ̀ọ́, má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ká tà á tán tàbí ká fi háyà ti wà láti ìgbà tí sinimá ti dáyé. Ìyà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi kọ́ ọ, ìṣirò wọn ni mo sì fẹ́ kó o bá mi wò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń wọn àǹkárá ni wọ́n ń ta fíìmù. Ẹsẹ̀ bàtà kan máa ń tó nǹkan bíi sẹ́ǹtì 12. Róòlù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,000, dọ́là 120 nìyẹn. Àwòrán 16 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ẹ̀rọ bá ń yí àwòrán 16 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ohun tí dọ́là 120 rà kò tó ìṣẹ́jú 17. Èyí tó dùn àti èyí tó ń múni sùn, iye kan náà. Ẹni tó bá ti sanwó ló ni ẹ̀dà náà títí yóò fi gbó.

Kò burú fún oníṣòwò alárìnká, nítorí òun kì í pààrọ̀ fíìmù, èrò ìwòran ló ń pààrọ̀. Irú wọn ni Balboa tó wá fi sinimá han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall lóṣù kẹjọ 1903. Ó ṣe é tán, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó di ìlú mìíràn.

Ṣùgbọ́n ní June 19, 1905, Harry Davis àti John Harris ṣí ilé sinimá kékeré kan ní òpópónà Smithfield, ní Pittsburgh. Ìjókòó 96, owó ìwọlé sẹ́ǹtì 5. Bí gbogbo ìjókòó bá kún, dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 80 ló wọlé. Kí róòlù dọ́là 120 tó pa owó ara rẹ̀, ilé ní láti kún nígbà 25, a ò tíì ka owó ilé, owó iná àti ti ẹni tó ń tẹ dùùrù. Àwọn ará àdúgbò kan náà ló sì ń wá. Ta ni yóò tún sanwó lọ́la torí ohun tó wò lánàá? Ó di dandan kí irú ilé bẹ́ẹ̀ máa yí fíìmù padà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ibòmíràn lójoojúmọ́.

Ibẹ̀ ni alárinà ti rí àyè wọlé. Á ra ẹ̀dà kan, á máa fi háyà fún ilé sinimá kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹni tó ya fíìmù gba dọ́là 120 rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alárinà ń gbowó lórí ẹ̀dà kan náà títí àwọn ihò etí fíìmù tí ẹ̀rọ fi ń fà á fi ya, tí ojú rẹ̀ fi ha yánnayànna, tó fi dà bíi pé òjò ń rọ̀ lé gbogbo òṣèré lórí nínú yàrá.

Olè náà ò sì sùn. Ẹlòmíràn á háyà róòlù kan, á ní kí ọmọ kan fi kẹ̀kẹ́ gbé e sáré lọ sí ilé sinimá rẹ̀ kejì: háyà ọ̀kan, owó ìwọlé méjì. Àwọn mìíràn ń ya ẹ̀dà lára ẹ̀dà. Dúdú rẹ̀ á ki, funfun rẹ̀ á bó, ojú èèyàn á di pẹlẹbẹ. Ìdí nìyẹn tí Pathé, ilé iṣẹ́ tó ń ya fíìmù, fi ń gbé àmì àkùkọ rẹ̀ sínú yàrá eré, tí Biograph, ilé iṣẹ́ mìíràn, sì ń kan lẹ́tà AB mọ́ ògiri lẹ́yìn òṣèré. Bó o bá rí AB nínú fíìmù àtijọ́, má pè é ní ẹ̀ṣọ́. "Ilé yìí kì í ṣe títà" tiwọn nìyẹn.

Ní December 1908, Edison, Biograph àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dá Motion Picture Patents Company sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó kó ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ sinimá jọ sọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n ní àwọn ò ta fíìmù mọ́, háyà ni, ẹ̀dà sì gbọ́dọ̀ padà wálé. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí ilé sinimá kọ̀ọ̀kan máa san dọ́là 2 lọ́sẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó fi owó ara rẹ̀ rà, wọ́n sì bá Eastman Kodak dì í kó má ta fíìmù òfìfo fún ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Nígbà tó di 1910, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn alárinà tán. William Fox, ọ̀kan nínú àwọn alárinà náà, kọ̀, kò tà. Ìjọba pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1912, ilé ẹjọ́ sì dá wọn lẹ́bi ní 1915. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n ṣì fi ń díye lé fíìmù ló kọ́kọ́ pa wọ́n lára: ẹni tó ṣe dáadáa ò rí èrè dáadáa.

Hodkinson, alárinà kan, ló yí i padà ní Paramount, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1914. Nínú dọ́là 100 tí ilé sinimá bá san, 35 ti alárinà, 65 ti ẹni tó ya fíìmù, a ó sì fún un ní owó àsansílẹ̀ kó fi ṣiṣẹ́. Fíìmù tó bá tà, ẹni tó yà á mọ̀ ọ́n lápò. (Ní 1916, Adolph Zukor, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya fíìmù fún un, gba ilé iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjà ni.)

Nítorí náà, padà bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀. Owó tó fẹ́ san, kó pè é ní àsansílẹ̀, kó sì dá ìpín tìrẹ lé e. Kó kọ iye ọdún, kó kọ àwọn orílẹ̀-èdè tó lè fi hàn sí, kó sì kọ ọ́ pé o lè yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò, torí òun ni yóò máa ka owó. Ojúlówó ẹ̀dà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ya gbogbo ìwé àdéhùn náà ní fọ́tò, fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kílẹ̀ tó ṣú. Ojú ewé tí iye ọdún wà ni kó o kọ́kọ́ yà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.