Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Òkun o! Ẹ kú ìparí sáà. Èsì ìdánwò wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ bá àwọn ọmọ yín jókòó wò ó. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló gbà mí lọ́kàn.

Àwọn ọmọkùnrin wa kan ń lọ wa wúrà lópin ọ̀sẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ló ń lé wọn lọ, n ò sì ní torí ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Àmọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, mo ní kí ọmọ JSS2 kan gbọn bàtà rẹ̀. Eruku tó jáde kún ọwọ́. Yúnífọ́ọ̀mù tó wọ̀ lọ síbi kòtò náà ló wọ̀ sùn ti àbúrò rẹ̀.

Ẹ rántí Zamfara, lọ́dún 2010. Òjé (irin olóró tí wọ́n ń pè ní lead) wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n sì fi lọ̀ ọ́ nínú agboolé. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Kì í ṣe gbogbo òkúta ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀.

Òjé tí kò pa ọmọ náà ń bà á jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá àrùn jà. Bí òjé bá dé bá wọn, ọwọ́ àwọn tó ń pa kòkòrò àrùn á rọ, ti àwọn tó ń fa ikọ́ fée àti ara yíyún á le sí i. Mákíúrì tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ ńkọ́? Èéfín rẹ̀ lè mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kọjú ìjà sí ara tí wọ́n ń ṣọ́. Inú egungun ni òjé ń sá sí, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí ọmọdé bá gbé mì ń wọ ara rẹ̀ ní ìlọ́po 4 sí 5 ju ti àgbà lọ.

Ẹ dákun, ẹ má lọ òkúta nílé, ẹ má sun mákíúrì ní ilé ìdáná. Kí ẹni tó bá ti oko wúrà dé wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ níta, kó tó gbé ọmọ. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò pẹ̀lú. Ẹ má lé e fún ọmọ ọwọ́. (Ìyá àgbà á bínú sí mi, mo mọ̀.) Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti wàrà ń dín òjé tó ń wọlé sára kù, àmọ́ wọn ò lè lé èyí tó ti wọlé jáde. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn. Ẹ béèrè ní ọsibítù.

Owó sáà tuntun: báńkì ni kí ẹ san án sí, ẹ má fi rán ọmọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà