Àkànní, má sọ fún wọn pé "a dúpẹ́" mọ́

Àkànní ọmọ mi,

Mo ti ka lẹ́tà tó o fi ránṣẹ́, èyí tó wá láti VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà rí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, mi ò sì rí oorun sùn. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ ṣọ́jà ló ba orúnkún ẹ jẹ́, àmọ́ 0% ni wọ́n kọ pé ìpalára náà jẹ́, ìyẹn ni pé kọ́bọ̀ ò ní wọlé. O wá ní o ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Rárá o, a ò tíì débẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé o ò sọ pé ó ń dùn ẹ́ nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ pé bó ṣe rí náà nìyẹn, dókítà bi ẹ́ pé báwo ni ara, o ní "fine", torí bá a ṣe tọ́ ẹ nìyẹn, tí wọ́n bá ti kí wa a dúpẹ́ náà ni, kódà kí ara máa ro wá bí nǹkan míì. Àmọ́ kò kí ẹ o, iṣẹ́ ló ń ṣe, ohun tó o bá sọ ló máa kọ. O wá fara dà á, o ká ẹsẹ̀ yẹn kọjá ibi tó ti ń ta ẹ́, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin wọn ní tí orúnkún bá ń dùn èèyàn tó bá ń ká a, ó kéré tán ó yẹ kó gba 10%, kódà kó máa ká dáadáa.

Má ṣe Higher-Level Review, ìyẹn kí ọ̀gá míì tún ìwé ẹ yẹ̀ wò, wọn kì í gba ẹ̀rí tuntun níbẹ̀, fáìlì tó ní kò dùn ẹ́ yẹn náà ni wọ́n á tún kà. Supplemental Claim ni kó o ṣe, ìyẹn kó o tún kọ̀wé béèrè pẹ̀lú ẹ̀rí tuntun, fọ́ọ̀mù 20-0995. Jẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú ẹ kọ̀wé sí i. Kí ìyàwó ẹ náà kọ tiẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù ẹlẹ́rìí, 21-10210, bó o ṣe ń fẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀. Èmi náà á kọ. Àbí o rò pé mi ò rí ẹ níbi ìkómọ yẹn? O dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, o ò lè dìde, ẹsẹ̀ àga lo dì mú, òógùn bo gbogbo ojú ẹ, o wá ń rẹ́rìn-ín káwọn èèyàn má bàa fura.

Tí wọ́n bá tún pè ẹ́ fún àyẹ̀wò, ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ẹ́, dúró, kó o ní ibí ni. Sọ bó ṣe ń rí lọ́jọ́ tó bá wú. Má fi irọ́ kankan kún un o, òótọ́ ẹ̀ náà tó.

Má sanwó fún ẹnikẹ́ni, DAV àti American Legion, ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà rí, ń bá èèyàn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún kan lo ní láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yẹn, kí wọ́n lè ka owó ẹ láti ìgbà tó o kọ́kọ́ kọ̀wé. Àtàǹpàkò ẹ ló bo déètì ẹ̀ nínú fọ́tò tó o yà, jọ̀ọ́ tún un yà, kó o fi ránṣẹ́ kí n tó lọ síṣẹ́ alẹ́.

Mọ́mì ẹ