Ẹni Tó Di Ajá Létí Mú

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ẹ̀kọ́ tí a ti ń bá bọ̀ lórí ọrẹ ọpẹ́ yóò dúró díẹ̀, nítorí ìjà àwọn kan láàárín wa tí àwọn tí kò kàn ti ń dá sí lórí fóònù. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Òwe 26:17: ẹni tí ń kọjá lọ, tí ó sì dá sí ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀, ó dà bí ẹni tí ó mú ajá ní etí. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá mọ ìdí tí mo fi yàn án, kó má wo ẹni tó jókòó tì í.

Kí ló dé tó fi jẹ́ etí? Àwọn tó túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ kọ ìrù síbẹ̀, ṣùgbọ́n etí ni èdè Hébérù wí, etí ló sì bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ẹni tó di ìrù mú ṣì lè jù ú sílẹ̀ kó fẹsẹ̀ fẹ. Etí sún mọ́ eyín jù. Bí o bá dì í mú, ọwọ́ á ro ọ́. Bí o bá jù ú sílẹ̀, o ti gbà á sára. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú èdè Hébérù, "tí ń kọjá lọ" lè jẹ́ ti ènìyàn náà, ó sì lè jẹ́ ti ajá. Bó bá jẹ́ ti ajá, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i: ajá ń bá tirẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, ẹnì kan ló na ọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá, ẹ mọ bí etí rẹ̀ ṣe gbẹgẹ́ tó. Ihò rẹ̀ kò lọ tààrà bíi tiwa. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá ṣẹ́ kọ́rọ́ wọnú. Kọ́rọ́ yẹn ni ìdọ̀tí ń sá sí, ìdí nìyẹn tí a kì í fi igi olówùú rò ó, ńṣe ló ń ti ìdọ̀tí wọlé sí i. Ajá tí etí ń dùn á máa gbọn orí ṣáá. Bó bá gbọn ún títí, iṣan ẹ̀jẹ̀ á bẹ́ lábẹ́ awọ, etí á wú bí ìrọ̀rí kékeré. Ajá tó fẹ́ràn rẹ jù lọ lè gé ọ jẹ bí o bá ṣàdédé fọwọ́ kan irú etí bẹ́ẹ̀. Kò burú níwà. Ó ń dùn ún ni. Àwọn kan wà láàárín wa tí ẹnu wọn le lọ́sẹ̀ yìí. Ó ń dùn wọ́n ni.

Bí ajá méjì bá sì wọ̀yá ìjà, ẹni tí kò lè farabalẹ̀ á ki ọwọ́ bọ àárín wọn, á gbá okùn ọrùn ọ̀kan mú. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bù ú jẹ, torí ajá tó ń jà kì í wo ọwọ́ ta ni; ohun tó bá kan ẹnu rẹ̀ ló ń gé. Kò sì gbọ́dọ̀ pariwo, ariwo á tún mú inú wọn ru sókè. Da omi lù wọ́n, ju aṣọ tó nípọn bò wọ́n, tàbí kí o ti pákó fífẹ̀ bọ àárín wọn. Bí wọ́n bá tú ká, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ lọ sí yàrá ọ̀tọ̀, ilẹ̀kùn ní títì. Ẹni tí eyín bá kàn, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà nítorí dìgbòlugi. Bí àmì àrùn yẹn bá ti yọjú, ẹni tó ń yè é kò wọ́pọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó parí sínú pálọ̀ kan ti di arìnrìn-àjò lórí fóònù. Ta ló rán yín níṣẹ́? Ìwọ tí o ń ka èyí lọ́wọ́, tí o sì ti ń ro ẹni tí wàá fi ránṣẹ́ sí kó lè ta bá a, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Mo mọ èsì tó wà lẹ́nu yín: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ni irú àgbà bẹ́ẹ̀ ń tọ̀ lọ. Kì í dúró láàárín ọjà kó máa ké pé ẹ wá wo ọmọ lágbájá. Olúwa sì pe àwọn onílàjà ní alábùkún fún, àbí? Onílàjà ni ẹni tí ìhà méjèèjì gbà kó jókòó. Ẹni tó ti gbè sẹ́yìn ọ̀kan kó tó gbọ́ tẹnu èkejì, òun náà ti di oníjà.

Bí o bá ti di etí mú ńkọ́? Má já ọwọ́ gbà lójijì, má sì sá, torí ajá a máa lé ohun tó ń sá. Má tẹjú mọ́ ọn. Kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, rọra tú ìka, máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, kí o fi àpò tàbí àga dí àárín yín. Tiwa náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má fèsì sí èyí tó kàn. Pa èyí tí o ti fi ránṣẹ́ rẹ́. Má kéde pé o ti yọwọ́, ìkéde yẹn náà ìjà ni. Lọ bá ẹni tí o sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí o wí pé, "Mo dá sí ohun tí kò kàn mí, ẹ forí jì mí," kí o má sì fi "ṣùgbọ́n" kún un.

Síbẹ̀, etí tó ń dùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ajá mọ̀ ni. Kì í dúró lé e lórí; á jókòó tì í, á jẹ́ kó gbóòórùn ọwọ́ òun. Lọ́jọ́ kìíní, á kàn fọwọ́ pa ìdí etí lára, ó tán. Lọ́jọ́ mìíràn, á da oògùn ìfọtí tí dókítà ẹran fún un sínú ihò náà, á rọra fún ìdí etí fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, á jẹ́ kó gbọnrí, á wá fi òwú nu èyí tó jáde sójú. Bí ajá bá kùn, á dáwọ́ dúró. A kì í na ajá nítorí pé ó kùn. Èyí tí wọ́n nà títí tí kò kùn mọ́ ló ń géni láìkìlọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ráhùn ráhùn.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an, ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ fún yín, ì báà jẹ́ òru. N kò ní bi yín léèrè ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn gbogbo yín, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ti ń bínú láti ìpínrọ̀ kìíní.

Ìkéde, kí àyè tó tán: Ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú ti di agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìpàdé tí a fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìsìn Àìkú, a ti sún un síwájú. Ẹ̀yin akọrin, ìwé orin méjì ṣì wà níta, ẹ dá wọn padà. Ìtọ́jú ilé ìsìn ní Sátidé kan àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tó bá mú ajá wá sí àgbàlá, kó so ó síbi tí òjìji wà, kó sì gbé omi kalẹ̀ fún un.