Àyìnlá, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Kipchoge ní 2012

Àyìnlá mi,

Mo rí mẹ́sééjì tó o fi ránṣẹ́ láàárọ̀, pé wọn ò mú ẹ sínú tíìmù, pé tó bá jẹ́ báyìí lá á máa rí o ò sáré mọ́. Pẹ̀lẹ́ ọkọ mi. Mi ò ní sọ pé kó má dùn ẹ́, ó dun èmi náà. Àmọ́ ṣebí ìwọ lo máa ń pe Kipchoge ṣáá, ọmọ Kenya tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn yẹn, àwòrán ẹ̀ ló wà lójú fóònù ẹ, jẹ́ ká wá jọ sọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn dáadáa, apá tẹ́ ẹ máa ń fò nínú ìtàn ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Vienna 2019 lẹ máa ń sọ ní tiyín, níbi tó ti sá màrátọ́ọ̀nù ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ó wú èmi náà lórí o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn 41 ló ń gbara wọn ṣe é, tí wọ́n ń sá yí i ká tí wọ́n ń bá a dí atẹ́gùn, mọ́tò tún ń tan iná sílẹ̀ níwájú wọn kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe máa sá a, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kà á sí rẹ́kọ́ọ̀dù. 2012 ni kó o wò.

Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó gba góòlù àgbáyé nínú 5000 mítà ní Paris, 2003 nìyẹn, Hicham El Guerrouj àti Kenenisa Bekele ló fi sẹ́yìn, o sì mọ irú èèyàn táwọn méjèèjì jẹ́. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti dé nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ó gba bronze ní Athens 2004, ó gba silver ní Beijing 2008, góòlù Olympic ò bọ́ sí i lọ́wọ́. Tó wá di 2012, wọ́n ṣe ìdíje tí wọ́n fi ń mú àwọn tó máa lọ Olympic ní London, Kenya ò mú un! Ẹni tó ti gba góòlù àgbáyé rí, ọmọ ọdún 27, ilé ló wà táwọn ẹlòmíì fi lọ. Ohun tó ṣe ẹ́ yìí náà ló ṣe é, tiẹ̀ tiẹ̀ tún le jù torí gbogbo ayé ló ti mọ orúkọ ẹ̀.

Ọ̀nà kan kúkú ò wọjà. Ó fi pápá sílẹ̀ ó bọ́ sí títì, ní 2013 ó sá màrátọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ní Hamburg, ó gbé ipò kìíní. Góòlù Olympic tó ń wá látọjọ́ yìí, Rio ló ti rí i ní 2016, ó tún gba òmíì ní 2021. Ó tún fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ní Berlin lẹ́ẹ̀mejì, 2:01:39 ní 2018 àti 2:01:09 ní 2022. Ká ní wọ́n mú un lọ London ńkọ́, ta ló mọ̀ bóyá 5000 mítà ni ì bá ṣì máa lé kiri.

Ó yá, jókòó, mo mọ̀ ẹ́, o ti ń ronú pé ìwọ náà máa bọ́ sí màrátọ́ọ̀nù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Rárá o. Kìlómítà 42 àti díẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ìbínú sá. Gbogbo ọdún tí ọkùnrin yẹn fi sáré ní pápá wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀ kó tó dé Hamburg. Kọ́ọ̀ṣì kan náà ló sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ látìgbà tí ò tíì mọ nǹkan kan, Patrick Sang, tóun náà gba silver ní Olympic Barcelona 1992. Ọmọdé ni Kipchoge nígbà náà, ó lọ bá a pé kó kọ ohun tóun máa ṣe fóun, ó lọ ṣe é tán, ó tún padà wá gba òmíì. Ìwọ kọ́ọ̀ṣì bá ẹ wí lẹ́ẹ̀kan, o ní kò mọ iṣẹ́.

Títí tó fi lówó tó lórúkọ, ibi tí wọ́n ti ń ṣe tréènì ní Kaptagat, ní Kenya, ló ń gbé láti Monday dé Saturday, ìyàwó àtàwọn ọmọ wà nílé, tó bá kàn án láti fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì á fọ̀ ọ́, gbogbo eré tó bá sá ló ń kọ sínú ìwé. Èyí wù mí ju Vienna lọ, má bínú.

Berlin 2015 náà wà ńbẹ̀. Eré ò tíì lọ jìnnà tí ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà fi ń yọ jáde lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, ó ń lù pẹẹ-pẹẹ bó ṣe ń sá lọ, o lè wá a wò, ó hàn kedere nínú fídíò. Ẹsẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ jáde. Kò dúró tún un ṣe, ó gbé ipò kìíní, 2:04:00, kò tíì sá màrátọ́ọ̀nù kankan tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà yẹn. Àmọ́ ní Olympic Paris 2024 tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ó dúró, ó jáde, ó bọ́ bàtà ẹ̀ fáwọn èrò tó ń wòran. Ẹni kan náà ni o. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ṣeé sá lé, ìrora ẹ̀yìn yẹn ò ṣeé sá lé, ó mọ ìyàtọ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ béèrè orúnkún ẹ tó o fi pamọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n ẹ ló sọ. Lọ jẹ́ kí dókítà wò ó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Oògùn táwọn ọ̀rẹ́ ẹ ń gbé kiri, má fi kan ẹnu, tí wọ́n bá rí nǹkan nínú ìtọ̀ ẹ wọn ò ní bi ẹ́ pé ta ló fún ẹ, ìwọ ni wọ́n máa dá dúró. Tó o bá ti kúrò lọ́dọ̀ dókítà, lọ bá kọ́ọ̀ṣì ẹ, kí i dáadáa, bi í pé kí lò ń ṣe tí wọn ò fi mú ẹ, kó o sì panu mọ́ tó bá ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kó o pè mí, mi ò ní sùn kó o tó pè.

Màmá ẹ