Ẹ má ní káwọn ọmọ wa fi ìwé kẹta sílẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ kì í fò mí, torí ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ mi máa ń kọ́kọ́ ṣí kó tó dá ìwé ìròyìn padà fún mi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin kan kọ síbẹ̀ lórí àwọn ìwé Suzanne Collins, obìnrin ará Amẹ́ríkà nì, ló mú mi gbé bírò. Ó ní kí àwọn ẹgbẹ́ òun ka ìkíní, The Hunger Games, tó jáde ní 2008. Kí wọ́n ka ìkejì, Catching Fire, ti 2009. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìkẹta, Mockingjay, ti 2010, sílẹ̀ síbi tí wọ́n bá ti rí i. Ó ní ó ti rẹ òǹkọ̀wé náà nígbà tó dé ibẹ̀, pé akọni tó ń ta ọfà kiri nínú ìwé méjì àkọ́kọ́ ti di aláìsàn tó ń sá pamọ́ sínú yàrá ìkẹ́rù, tó ń sunkún. Ó ní irú ìparí wo nìyẹn.

Ọmọ mi, orí “aláìsàn” tí o pè é yẹn ni mo ti fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì, wọ́ọ̀dù àwọn tó ní jàǹbá àti àwọn tí iná jó ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò kà á. Panem ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè inú ìtàn náà, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ Amẹ́ríkà ti Àríwá lónìí, lẹ́yìn tí àjálù àti ogun ti bà á jẹ́. Capitol ni olú-ìlú, ibẹ̀ ni ọrọ̀ wà. Àgbègbè méjìlá ló ń sìn ín. Lọ́dọọdún, àgbègbè kọ̀ọ̀kan á fa ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan kalẹ̀, láti ọmọ ọdún 12 dé 18, wọn á dà wọ́n sí pápá kan kí wọ́n máa pa ara wọn títí yóò fi ku ẹyọ kan, gbogbo ìlú á sì máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ Prim, ọmọ ọdún méjìlá, ni ìbò mú ní Àgbègbè Kejìlá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Katniss Everdeen, fò jáde pé òun ni kí wọ́n mú lọ. Torí kí Prim má baà kú ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí ìwé kẹta ṣí, ogun ti dé. Capitol ti ju bọ́ǹbù iná sí Àgbègbè Kejìlá, eérú ló kù níbẹ̀. Àwọn tó yè bọ́ ti sá lọ sí Àgbègbè Kẹtàlá, tí gbogbo ayé rò pé ó ti pa rẹ́, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Ayé ibẹ̀ le bíi bárékè: láràárọ̀ ẹ̀rọ á tẹ ètò ọjọ́ náà sí ọ lápá, ìgbà oúnjẹ, ìgbà iṣẹ́, ìgbà ìwẹ̀. Alma Coin ni ààrẹ wọn. Wọ́n ní kí Katniss jẹ́ ẹni tí àwọn á máa fi han aráyé nítorí ogun náà, ni wọ́n bá ṣe é lóge, wọ́n wọ aṣọ ogun fún un, wọ́n kó àwọn oníkámẹ́rà tì í lẹ́yìn. Collins ti sọ ọ́ rí pé ìgbà tí òun ń yí tẹlifíṣọ̀n láti ìkànnì kan sí òmíràn, tí eré ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àti àwòrán ogun Ìráàkì ń wọnú ara wọn lójú òun, ni èrò ìtàn náà wá. Ogun kò sì ṣàjèjì sílé wọn. Ọmọ ogun òfurufú ni bàbá rẹ̀, ó jagun ní Vietnam nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, Collins sì kọ ìwé àwọn ọmọdé kan ní 2013 lórí ọdún tí bàbá náà kò fi sí nílé.

Ó wá kan Gale. Ọdẹ ni, òun àti Katniss ni wọ́n jọ máa ń wọ igbó. Tàkúté ni ọ̀gangan iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ bí èèyàn ṣe ń ronú bí ẹran kó lè dẹ okùn sí ibi tí ẹran máa gbà. Nígbà tí wọ́n dé Àgbègbè Kẹtàlá, òun àti Beetee onímọ̀ ẹ̀rọ jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọgbọ́n tàkúté lé bọ́ǹbù. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rò jọ ni pé kí bọ́ǹbù kan bú, kó ṣe àwọn èèyàn léṣe. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ fún àwọn tó máa sáré wá dóòlà ẹ̀mí. Kí ìkejì wá bú mọ́ gbogbo wọn. Katniss sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé ó yẹ kí ààlà wà. Gale dá a lóhùn pé ìlànà tí Ààrẹ Snow, olórí Capitol, fi ń bá àwọn jà náà ni àwọn ń tẹ̀ lé.

Mo pa ìwé náà dé níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nínú iṣẹ́ wa ni pé bí o bá gbọ́ ariwo, kí o gba ibẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí táńkà epo kan gbiná lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí wọ́n ní kí a bá ọkọ̀ aláìsàn lọ, kò sẹ́nìkan nínú wa tó dúró bèèrè bóyá táńkà mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ṣe irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀, àánú gan-an ló fi dẹ okùn. Àwa ló fẹ́ mú.

Ọjọ́ tí ogun máa parí, wọ́n ti kó àwọn ọmọdé Capitol sáàárín ọgbà kan níwájú ilé Ààrẹ Snow, kí wọ́n lè fi wọ́n ṣe asà. Bàálù kan tó ní àmì Capitol lára kọjá lókè, ó ju àwọn ẹrù kéékèèké tí ohun bí agboòrùn ń gbé wálẹ̀. Àwọn ọmọ náà nawọ́ gbà wọ́n, torí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń fi oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń díje. Ó bú. Àwọn oníṣègùn ọlọ̀tẹ̀ tú wọlé, Prim wà láàárín wọn, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ tó yọ síta ni Katniss fi dá a mọ̀, bó ṣe máa ń yọ nígbà tó wà ní kékeré. Ó pariwo orúkọ rẹ̀. Ó dá mi lójú pé Prim gbọ́, torí ó bojú wẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni ìyókù bú.

Ìwọ ọmọ mi wá kọ̀wé pé ikú yìí kò nídìí, pé òǹkọ̀wé kàn fẹ́ kí inú wa bàjẹ́ ni. Háà! Ọmọ tí Katniss tìtorí rẹ̀ fẹ́ kú, tàkúté tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò jọ ló pa á, apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ló sì dà bíi pé ó jù ú. Nígbà tó bi Gale bóyá tirẹ̀ ni bọ́ǹbù náà, Gale ní òun kò mọ̀, pé Beetee pàápàá kò mọ̀. Kò lè sọ pé rárá. Bí Prim bá yè, a jẹ́ pé ogun mọ ẹni tó máa pa àti ẹni tó máa yọ̀ǹda, èyí sì jẹ́ irọ́.

Iná náà mú Katniss. Wọ́n gé awọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì dákẹ́ bí odi fún ìgbà pípẹ́. Oògùn apàrora tí wọ́n ń fún un di bárakú. Ẹ gbà mí gbọ́, òǹkọ̀wé tó kọ ibẹ̀ kò fi ẹnu kan òkè ọ̀rọ̀ náà lásán. Mo ti rí ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tó ń bẹ̀ wá bí ọmọdé pé kí a má wẹ egbò òun lónìí, kó di ọ̀la. Mo ti rí obìnrin tó jáde kúrò lọ́dọ̀ wa tí awọ ara rẹ̀ ti jinná, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n dáná gáàsì nílé rẹ̀ mọ́. Bùọ̀dá mi àgbà ja ogun abẹ́lé wa. Ó padà wálé ní 1970, títí ó fi kú kò kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn jẹun. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti ń yin báńgà nígbà Kérésì, a kì í rí i níta. Kò sẹ́ni tó bi í pé irú akọni wo nìyẹn.

Nítorí náà, ojú ewé tí o pè ní aláìládùn, àwọn gan-an ni mo kà lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n dá Katniss padà sí Àgbègbè Kejìlá. Ó jókòó sídìí iná, kì í wẹ̀, kì í dá dókítà tó ń pè é lórí fóònù lóhùn. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Greasy Sae ló ń wá se oúnjẹ fún un. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ ìró ṣọ́bìrì, àfi Peeta, ọmọkùnrin Àgbègbè Kejìlá tí òun àti Katniss jọ borí ìdíje, tó ti dé, tó ń gbin òdòdó primrose sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, òdòdó tí wọ́n fi sọ Prim lórúkọ. Ọjọ́ yẹn ló wẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ológbò Prim rìn dé láti Àgbègbè Kẹtàlá, gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, ó ń wá ọ̀gá rẹ̀. Katniss ń ju nǹkan lù ú, ó ń kígbe mọ́ ọn pé Prim ti kú, pé kò sí níbí, ibẹ̀ ni ẹkún tó yẹ kó ti sun tipẹ́ ti bọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun àti Peeta bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ńlá kan nípa àwọn tó ti kú, kí wọ́n má baà gbàgbé ohunkóhun nípa wọn. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbà láti bímọ, àlá burúkú kò sì lọ. Bí ara ṣe ń yá nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni, ibòmíràn a sì wà tí kò ní yá.

Ohun kejì tí o sọ ni pé bí Katniss, tí wọ́n ní kó fi ọfà pa Snow lójú gbogbo èèyàn lẹ́yìn ogun, ṣe yí ọfà kúrò lára Snow tó fi ta Coin kò bọ́gbọ́n mu. Ìyẹn ya èmi lẹ́nu ju ti Prim lọ, torí ọmọ Nàìjíríà ni ọ́. Ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì bí ọ nígbà tí àwa jí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983 tí orin ológun ń dún lórí rédíò, tí wọ́n ní àwọn wá tún ìlú ṣe. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, orin kan náà tún dún, àwọn mìíràn tún ní àwọn wá tún ti ìṣáájú ṣe. Kò ní ṣòro fún àwa tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejèèjì láti lóye ohun tí Katniss rí. Snow ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ láàárín àwọn òdòdó rẹ̀ (májèlé tó mu pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ pa, kí wọ́n má baà fura, ló dá egbò sí i lẹ́nu), ó sọ fún un pé Coin ló ju bọ́ǹbù náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Coin kó àwọn méje tó kù nínú àwọn tó ti borí ìdíje jọ, ó ní kí wọ́n dìbò bóyá kí àwọn kó àwọn ọmọ Capitol náà sí pápá fún ìdíje kan ṣoṣo sí i. Aṣọ ló yí padà.

N kò sọ pé ìwé náà kò lábùkù o. Lílu tí wọ́n ń lu Katniss lórí tó fi ń dákú, tó sì ń jí sórí ibùsùn aláìsàn, ti pọ̀ jù; mo máa ń sọ fún ọmọ-ọmọ mi pé kí wọ́n kúkú fún un ní káàdì ilé ìwòsàn. Finnick, tí gbogbo àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn, ìlà díẹ̀ péré ni wọ́n fi pa á. Ìyá Katniss, ẹni tó mọ ewé àti egbò bíi tèmi, ló tún mú inú bí mi jù: ó lọ dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Àgbègbè Kẹrin, ó fi ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti máa bọ́. Òkú Prim ló ń lé e, mo mọ̀. Mi ò tíì dárí jì í. Fíìmù náà tí wọ́n là sí méjì, ní 2014 àti 2015, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Olóòtú, ẹjọ́ kan wà tí èmi àti ọmọ-ọmọ mi kò tíì parí, mo sì fẹ́ kí ẹ fi tó àwọn òǹkàwé yín létí. Nígbà ìbò tí Coin pè yẹn, Peeta, Annie àti Beetee ní rárá; Johanna àti Enobaria ní bẹ́ẹ̀ ni. Katniss náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní nítorí Prim ni, Haymitch sì tẹ̀ lé e. Èmi ní ẹ̀tàn ni, pé ó ti pinnu láti pa Coin, kó má baà fura sí i ló ṣe gbà. Ọmọ yìí ní irọ́ ni, pé ọjọ́ yẹn inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, àti pé Màmá àgbà kàn ń gbèjà rẹ̀ ni. Ẹ bá wa bi àwọn tó ti kà á dé ojú ewé ìkẹyìn. Kí ọmọkùnrin yẹn náà dáhùn, bó bá kà á débẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Màmá Nọ́ọ̀sì,
Ìjẹ̀bú-Òde.